Ọmọ jẹ́jẹ́ fẹ́ wọ ROTC: ṣé kí n sanwó kí wọ́n kọ́ ọ ní ohùn àṣẹ?

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì níbí ní Maryland, ó sì fẹ́ wọ ROTC, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì di ọ̀gá sójà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í jáde. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n san 600 dọ́là kí òun fi kọ́ ọ ní ohùn àṣẹ àti bí sójà ṣe ń yan, kí wọ́n má bàa lé e. Green card ló ní. Ṣé wọn ò sì ní gbé e lọ sójú ogun?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, Màmá. ROTC kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ àti bàtà pàápàá, àwọn ló ń fún ọmọ. Ti Army ni mo ń sọ o, Navy àti Air Force ní òfin tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ogun kò le. Ọdún méjì àkọ́kọ́ kò so ọmọ tí kò gba sikọ́láṣíìpù mọ́ ohunkóhun. Á máa lọ sí kíláàsì, á máa ṣe PT, ìyẹn eré ìdárayá, ní ìdájí, bó bá sú u, á fi í sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé. Ẹni tó bá gba sikọ́láṣíìpù ọdún mẹ́rin, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì ni àdéhùn ti mú un. Àdéhùn náà jẹ́ ọdún 8 lápapọ̀, apá kan lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ìyókù ní ẹgbẹ́ ìpamọ́, àwọn tí wọ́n ń pè bí wọ́n bá nílò wọn. Ẹni tó bá já a lè dá owó padà, tàbí kí wọ́n pè é sẹ́nu iṣẹ́ bíi sójà lásán. Ó sì gbọ́dọ̀ gba dìgírí kó tó di Second Lieutenant, ipò tí ọ̀gá sójà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Green card ló yẹ kó gba oorun lójú yín. Ó lè jókòó nínú kíláàsì ọdún méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò lè tọwọ́ bọ̀wé, kò sì lè gba sikọ́láṣíìpù, àfi bó bá di ọmọ ìlú. Bí ẹ̀yin tàbí bàbá rẹ̀ bá ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà kó tó pé ọdún 18, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú green card nígbà náà, ó ṣeé ṣe kó ti di ọmọ ìlú láìmọ̀. Kí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú yẹ ìwé yín wò. Èmi ò rí i.

Wàyí o, ohùn. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi. Yíyan àti kíké àṣẹ jẹ́ apá kékeré, wọ́n sì ń kọ́ gbogbo ọmọ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n ń wò lára olórí ni ètò. Àwọn ọmọ ọdún kẹrin ló ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ti ọdún kẹta ló ń darí àwọn àbúrò wọn. Wọ́n á fi ọmọ yín ṣe olórí ẹni mẹ́jọ lónìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ mìíràn wọ́n á gba ipò náà, á wá wà lábẹ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti darí rí. Ẹni tó fi ìkanra ṣe é, ojú á tì í láìpẹ́.

Àkókò ló ń tú àṣírí àwọn aláṣehàn. Olórí kò gbọ́dọ̀ lò ju ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò tó wà nílẹ̀. Ìdá méjì tó kù, ti àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí iṣẹ́ bá dé ọwọ́ rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí wọ́n máa gbéra ní méjìlá, ó yẹ kí àṣẹ ti dé etí gbogbo wọn ní mẹ́jọ. Kó tó jókòó ronú rárá, ó ti yẹ kó ta wọ́n lólobó: iṣẹ́ báyìí ń bọ̀, aago báyìí la ń gbéra, ẹ bu omi, ẹ yẹ ẹrù wò. Àwọn aláṣehàn á máa tún ètò kọ títí di mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n bá fi máa lanu pariwo, omi ò sí nínú ike, bátìrì rédíò ti kú, kò sẹ́ni tó fi iṣẹ́ náà dánra wò.

Ìpín márùn-ún ni àṣẹ náà ní, wọn kì í yí i padà: bí nǹkan ṣe rí, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, bí a ó ṣe ṣe é, oúnjẹ àti omi àti ìtọ́jú ẹni tó fara pa, ẹni tó ń darí àti bí a ó ṣe máa gbúròó ara wa. Ìpín kejì, gbólóhùn kan ni, wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kó ní kí ẹnìkan tún un sọ fún òun. Bí onítọ̀hún ò bá lè tún un sọ, kò gbọ́ ọ, bó ti wù kí ohùn olórí le tó. Bí iṣẹ́ bá parí, gbogbo wọn á jókòó wò ó: kí la ní a ó ṣe, kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló fà á, kí la ó tún ṣe. Ibẹ̀ ni ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń kíyè sí nǹkan ti máa ń yọ ju ẹgbẹ́ lọ.

N kò ní kó máa kùn sínú o. Àṣẹ gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tó wà lẹ́yìn nínú òjò. Ẹ gbé ìpalẹ̀mọ́ òde kan lé e lọ́wọ́ nílé, ìkómọ tàbí ọjọ́ ìbí. Kó pín iṣẹ́, kó sọ ìpín márùn-ún yẹn lórí ìdúró fún àwọn àbúrò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má dá sí i, kódà kí kúlà ṣófo.

Kó kọ̀wé sí ọ̀fíísì ROTC ní yunifásítì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó má fi àìsàn pamọ́: asthma tó bá wà lẹ́yìn tó pé ọdún 13 lè dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n wọ́n lè yọ̀ǹda. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó mú ìwé dókítà dání, kó sì tọrọ ìyọ̀ǹda náà.