Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé VA Yóò Dín Owó Àìlera Ọkọ Mi Kù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Ọkọ mi ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fún ọdún 12, wọ́n sì lọ sí Iraq lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni etí wọn ti ń hó tọ̀sán-tòru, bí ẹni pé ìrẹ̀ ń ké nínú rẹ̀. Èémí wọn tún máa ń dá dúró lójú oorun, tó fi jẹ́ pé CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú, ni wọ́n ń dè mọ́ ojú sùn. VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe ológun rí, fún wọn ní ìdá àìlera, èyí tí wọ́n fi ń ka owó wọn: ìdá 50 nínú 100 nítorí èémí àti ìdá 10 nítorí etí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń sọ káàkiri báyìí pé ìjọba fẹ́ yí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń pín ìdá náà padà, pé ìdá 50 yẹn yóò di òfo. Ọkọ mi ní àwọn kò ní lọ rí dókítà mọ́, kó má baà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara àwọn ti ń yá. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú wọn, arábìnrin wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ ọkọ yín kí wọ́n má ṣe pa ilé ìwòsàn tì. Òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ kedere pé bí VA bá tún òṣùwọ̀n àìlera ṣe, àtúnṣe yẹn nìkan kò tó ìdí láti dín ìdá tí ẹnì kan ti ń gbà kù, àfi bí ẹ̀rí ìṣègùn bá fi hàn pé àìlera náà ti rọlẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tó bá sì ti wà lórí ìdá kan fún ọdún 20 láìdáwọ́dúró, wọn kò lè fà á wálẹ̀ mọ́, àyàfi bí wọ́n bá rí i pé jìbìtì ni ó fi gbà á. Ẹni tó bá dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró, ara rẹ̀ ló ń ṣe, ó sì tún ń ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́, nítorí ìwé dókítà ni yóò jẹ́rìí sí i pé àìlera náà ṣì wà.

Oṣù Kejì ọdún 2022 ni VA gbé àbá tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń sọ jáde, wọ́n sì fún aráàlú láyè títí di oṣù Kẹrin láti sọ èrò wọn. Àbá kì í ṣe òfin. Títí ìlànà ìkẹyìn yóò fi jáde, tí ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yóò sì pé, òṣùwọ̀n àtijọ́ ni òṣìṣẹ́ VA gbọ́dọ̀ lò.

Ọ̀rọ̀ èémí ló le jù nínú rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n àtijọ́, ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá ti gba pé kó máa lo CPAP, ìdá 50 ni tirẹ̀. Àbá náà ní bí ìtọ́jú ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ni kí wọ́n máa wò: bí ẹ̀rọ bá mú gbogbo àmì àìsàn kúrò, òdo ni ìdá, bí kò bá mú un kúrò tán, 10, bí ìtọ́jú kò bá ràn án rárá, 50, bí àìsàn náà bá sì tún ti ba ẹ̀yà ara mìíràn jẹ́ lórí rẹ̀, 100. Èmi kò fara mọ́ òdo yẹn, mo sì ń sọ ọ́ láìfi bò. Ẹ̀rọ kì í ṣe ìwòsàn. Ẹni tó ń de ìbòjú rọ́bà mọ́ra lálaalẹ́, tí àpá okùn rẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, tí èémí rẹ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró lóru ọjọ́ tó bá yọ ọ́, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ pé kò ní àìlera kankan?

Ní ti etí, àbá náà ní kí wọ́n má ṣe kà á sí àìlera tó dá dúró mọ́, bí kò ṣe àmì àìsàn tó fà á. Ibi tí inú mi ti dùn ni ti ọpọlọ àti ọkàn, bíi PTSD, ìyẹn ìpayà tí kì í lọ lẹ́yìn ohun búburú tí ènìyàn là kọjá: àbá náà kò ní kí iṣẹ́ àti ìbágbépọ̀ ènìyàn dàrú pátápátá kó tó gba ìdá 100, kò sì sí ẹni tí àìsàn ọkàn rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ológun wá tí yóò gba ohun tó kéré sí 10. Ó pẹ́ tó ti yẹ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Èmi náà ti ṣe ológun rí ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n n kò tíì béèrè ohunkóhun. Ọkùnrin kan ní kí n san owó fún òun kí òun bá mi kọ ìwé náà kíákíá kí òfin tó yí padà. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ má gbà. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbowó lórí ìwé ìbéèrè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí VA bá ti ṣe ìpinnu ni agbẹjọ́rò tàbí aṣojú tí VA fọwọ́ sí tó lè gbowó. Àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe ológun rí, bíi DAV, VFW àti American Legion, ń bá ológun ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Òótọ́ ni pé kò yẹ kí ẹ fi falẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní Intent to File ránṣẹ́ sí VA. Yóò di ọjọ́ yẹn mú fún yín, ẹ ó sì ní ọdún kan láti kó ìwé ilé ìwòsàn àti ẹ̀rí àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ jọ. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ìbéèrè yín, ọjọ́ yẹn ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó yín. Orúkọ gbogbo aṣojú tí VA fọwọ́ sí wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ wá ti ọkùnrin yẹn níbẹ̀ kí ẹ tó tún dá a lóhùn.