Ajá Tó Ń Sá Jáde Bí Géètì Bá Ti Ṣí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá mi, abo ọlọ́dún 2, bẹ̀rù púpọ̀. Bí a bá ti ṣí géètì báyìí, ó ti dé títì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ẹ̀rù ló ń lé e, ẹgba á tún fi kún un ni. Ilẹ̀kùn yàrá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe géètì. Ẹ so okùn mítà 2 mọ́ ajá náà, kí ẹ gé ẹran sísè wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ní ìwọ̀n ìka 2. Bó bá sún síwájú, ẹ rọra ti ilẹ̀kùn padà, ẹ má sọ̀rọ̀. Bó bá dúró, ẹ fún un lẹ́ran nínú ilé, kó má baà rò pé ìta ni oúnjẹ wà. Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ti tó. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó kọjá sí géètì. Ìkánjú ló ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ jù: bó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ padà sí ìwọ̀n ṣíṣí tó ti mọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yìn báńgà, ẹ tì í mọ́ yàrá kí ẹ tó ṣí géètì. Bó bá sì sá, ẹ má lé e. Ẹ lóṣòó, ẹ pè é, ẹ má sì bá a wí tó bá padà dé.