Softball fún àwọn ọmọ: ibo ni kí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù dúró sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòròdú. Ọmọ iléèwé wa àtijọ́ kan tó wà ní Amẹ́ríkà fi àpò irinṣẹ́ softball (eré tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ fún ẹni tó di báàtì mú kó gbá a) ránṣẹ́ sí wa: báàtì, bọ́ọ̀lù, ìbọ̀wọ́ àti akoto méjì. Àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ gbá a wà láàárín ọdún 9 sí 13. Ìwé tó bá àpò náà wá sọ pé ẹsẹ̀ bàtà 43 sí home plate (pátákó ilẹ̀ tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró tì) ni kí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù dúró sí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù àwọn kékeré kì í dé. Ṣé kí n sún wọn mọ́ iwájú ni, àbí kí n dúró kí apá wọn le? Ṣé a sì lè lo gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà?

Ìdáhùn: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sún wọn mọ́ iwájú lónìí, ẹ má dúró de apá tó le. Ẹsẹ̀ bàtà 43 tí ẹ kà yẹn, ti àwọn ọmọbìnrin tó ti kúrò ní ọdún 12 àti ti àgbà obìnrin ni. Nínú ìlànà USA Softball, ẹgbẹ́ tó ń darí eré yìí ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí kò ju ọdún 10 lọ máa ń ju bọ́ọ̀lù láti ẹsẹ̀ bàtà 35, ìyẹn mítà 10.67. Ọmọ ọdún 11 àti 12 ń jù ú láti 40, ìyẹn mítà 12.19. Láti 13 lọ sókè ni 43, tí í ṣe mítà 13.11.

Ọmọ ọdún 9 tó bá dúró sí 43 á fi gbogbo ara ṣánpá, á fẹ̀yìn sẹ́yìn, á sì ju bọ́ọ̀lù sókè fíofío kó tó lè dé. Tí apá bá ti mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni kéèyàn tó tún un kọ́. Èjìká rẹ̀ náà á máa jìyà. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé jíju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ kì í pa apá lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ní èjìká ń dun òun, ẹ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, kó sinmi.

Ṣùgbọ́n ẹ má wá kó gbogbo wọn sí 35 o. Ọmọ ọdún 13 tí apá rẹ̀ ti dá ṣáká lè ju bọ́ọ̀lù tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Láti mítà 10.67, bọ́ọ̀lù yẹn kò ní lo tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di báàtì mú. Ọmọ kékeré kò ní ráyè yẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọdún 9 àti 10 máa gbá láàárín ara wọn. Bí wọn kò bá pọ̀ tó, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa rọra ju bọ́ọ̀lù fún wọn.

Níbi wíwọ̀n ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Home plate ní ṣóńṣó kan lẹ́yìn, lápá ibi tí ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lóṣòó sí. Láti ṣóńṣó yẹn la ti ń wọ̀n ọ́n dé etí iwájú pátákó tí ajubọ́ọ̀lù ń fẹsẹ̀ lé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti etí iwájú home plate, ẹ ti fi ínṣì 17 kún ìyà ọmọ yẹn. Ẹ wá okùn tí kì í fà, ẹ ta kókó sí i ní mítà 10.67, 12.19, 13.11, 18.29 àti 25.86. Ẹ so orí rẹ̀ mọ́ èèkàn níbi ṣóńṣó náà, kí ẹ nà án tààrà gba àárín pápá: ibi tí kókó 25.86 bá dé ni béèsì kejì (béèsì ni àwọn ibi tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sá dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan). Béèsì kìíní àti ìkẹta wà níbi tó jìnnà sí home plate ní 18.29, tó sì tún jìnnà sí béèsì kejì ní 18.29. Gbogbo ọjọ́ orí tí ẹ kà sílẹ̀ ló ń lo 18.29 yìí láàárín béèsì sí béèsì.

Ní ti bọ́ọ̀lù, ẹ yá tépù lọ́wọ́ aránṣọ, kí ẹ fi yí i po. Èyí tó bá jẹ́ ínṣì 12 jẹ́ ti ọmọ ọdún 11 lọ sókè. Ínṣì 11 ló bá ọwọ́ àwọn tí kò ju ọdún 10 lọ mu, nítorí ọmọ tí ìka rẹ̀ kò ká bọ́ọ̀lù kò lè darí rẹ̀.

Báàtì ńkọ́? Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Ti softball kì í nípọn ju ínṣì 2¼ lọ. Èyí tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀, ti baseball ni, ẹ yà á sọ́tọ̀. Èyí tó bá ti sán tàbí tó tẹ̀ wọnú, ẹ má lò ó rárá. Kí ọmọ wá fi ọwọ́ kan na báàtì síwájú: bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n kí ẹ tó ka oókan dé ogún, ó wúwo jù fún un. Ó lè di ọwọ́ mú sókè díẹ̀ lára rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ìdí báàtì kó lè kúrú. Kókó tó wà nídìí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó fò kúrò lọ́wọ́ lọ bá ọmọ ẹlòmíì.

Akoto méjì kò tó. Ẹni tó ń gbá àti gbogbo ẹni tó wà lórí béèsì ló gbọ́dọ̀ dé e, kí ó sì ní irin tó bo ojú. Akoto ọlọ́kadà kò lè rọ́pò rẹ̀, wọn kò ṣe é fún bọ́ọ̀lù, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ rí ẹ̀gbẹ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà, n kò rí ìbòjú, ààbò ọ̀fun, ààbò àyà àti ti ojúgun fún ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Títí tí ẹ ó fi rí wọn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan lóṣòó síbẹ̀. Ẹ ra àwọ̀n àlòkù lọ́wọ́ àwọn apẹja, èyí tí ojú rẹ̀ kéré sí bọ́ọ̀lù, kí ẹ fi ta ẹ̀yìn home plate. Bàtà tó ní irin nídìí, ẹ má gbà á fún ọmọdé.

Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó fi àpò ránṣẹ́, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ fún bọ́ọ̀lù ínṣì 11, báàtì tó gùn tó ínṣì 28 sí 30 fún àwọn kékeré, akoto márùn-ún sí i tó ní irin ojú, àti ààbò amúbọ́ọ̀lù kan lódindi ní ìwọ̀n ọmọdé.