Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ìkòkò Mímọ, Búrẹ́dì Yíyan àti Wàhálà Ojoojúmọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mo ń gbé, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo sì ti kọ́ ìkòkò mímọ. Kọ́ọ̀pù, abọ́ àti ìkòkò òdòdó ni mo máa ń mọ jù nísinsìnyí. Mo tún máa ń yan búrẹ́dì nílé fún àwọn tí wọ́n bá bẹ̀ mí níṣẹ́, nítorí pé owó búrẹ́dì ni ó máa ń tètè wọlé. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé méjèèjì ń bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá jókòó ti amọ̀, fóònù yóò dún, àbíkẹ́yìn mi yóò sunkún, aládùúgbò yóò yà wá kí mi. Kí n tó padà dé ìdí iṣẹ́, etí kọ́ọ̀pù ti sán, fúláwà tí mo pò sílẹ̀ náà sì ti wú kọjá àyè rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀. Ṣé kí n gbọ́ tirẹ̀ ni?
Amọ̀kòkò kan, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì fi ìkankan sílẹ̀. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ọwọ́ kan náà ni ẹ fi ń mú iṣẹ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìwà wọn kò jọra rárá. Fúláwà tí ìwúkàrà ti wọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí omi bá ti kàn án ni ó ti ń ṣiṣẹ́, pàápàá nínú ooru Ìlọrin, kò sì sí bí ẹ ṣe lè bẹ̀ ẹ́ kí ó sinmi títí àlejò yóò fi lọ. Amọ̀ ní tirẹ̀ a máa dúró, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti fi ọ̀rá bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà fa omi ara rẹ̀. Nítorí náà, búrẹ́dì ni ó yẹ kí ó gba àkókò tí ilé bá dákẹ́ jù lọ, kí amọ̀ sì gba àkókò tí ìpè àti ẹkún ọmọ pọ̀ jù.

Ẹ kúkú mọ̀ jù mí lọ pé àwọn ìyá amọ̀kòkò agbo ilé Dada ní Òkèlele, ní Ìlọrin yín níbẹ̀, kì í jókòó ti ìkòkò kan ṣoṣo títí yóò fi parí. Wọ́n á mọ ìdí ìkòkò púpọ̀, wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀ kí ara wọn le díẹ̀, kí wọ́n tó padà wá mọ ọrùn àti ẹnu lé wọn, torí pé ìdí tí ó ṣì rọ̀ kò lè gbé ọrùn. Ìdádúró ti wà nínú iṣẹ́ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, inú agbo ilé tí ọmọ àti àlejò kún ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Etí kọ́ọ̀pù tí ó ń sán yẹn, kì í ṣe àlejò nìkan ni ó fà á. Etí tínrín ju ara kọ́ọ̀pù lọ, òun ni ó ń kọ́kọ́ gbẹ, bí ó bá sì ti ń gbẹ ni ó ń súnkì, nígbà tí ara kọ́ọ̀pù ṣì tutù. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni yóò là. Ẹ dúró kí ara kọ́ọ̀pù le tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná yóò fi àpá sílẹ̀ lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní tẹ̀ mọ́, kí ẹ jẹ́ kí etí náà le dé ìwọ̀n kan náà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú ibi méjèèjì kí ó rí ṣákaṣàka, ẹ fi amọ̀ olómi pa á, ẹ tẹ̀ wọ́n mọ́ra, kí ẹ wá fi ọ̀rá wé etí nìkan ná, kí ẹ tó bo gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù kún un. Kí ọ̀rá yìí máa wà ní àrọ́wọ́tó yín nígbà gbogbo, kí ó lè jẹ́ pé kí ẹ tó dá ọmọ lóhùn ni ẹ ti fà á bo iṣẹ́.

Ní ti búrẹ́dì, ẹ pò ó lálẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ dín ìwúkàrà rẹ̀ kù, ẹ fi omi tútù pò ó, kí ẹ sì gbé e sínú fìríìjì di òwúrọ̀. Òtútù kì í pa ìwúkàrà, ó kàn ń mú kí ó lọ́ra ni; ooru tí ó bá dé nǹkan bí 60°C ni ó ń pa á. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ nípa iná ìjọba. Fìríìjì tí a kò ṣí lè pa òtútù mọ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí iná bá lọ. Ní alẹ́ tí ẹ bá ti mọ̀ pé iná kò ní wá, ìdájí ni kí ẹ jí pò ó. Kí ẹ tó gbé e wọ ààrò, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí ojú ibẹ̀ bá yára padà, kò tíì tó. Bí ó bá ń padà díẹ̀díẹ̀ tí àmì ìka ṣì hàn, ó ti tó. Bí kò bá padà mọ́, ó ti wú jù, ẹ rọra tún un pò kí ó tún wú lẹ́ẹ̀kan sí i. Búrẹ́dì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ṣeé dì sínú ọ̀rá, nítorí pé ooru rẹ̀ yóò di omi sí i lára, yóò sì tètè bu. Ìgbà tí ó bá ń tutù yẹn ni kí ẹ máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sun ìkòkò, ẹ má gba iṣẹ́ búrẹ́dì kankan. Omi tí ó kù nínú amọ̀ a máa di ooru ní 100°C, bí iná bá sì yára ju bí ooru náà ṣe lè ráyè jáde, ìkòkò yóò bú gbàmù. Kí ọkọ yín bá yín gba àlejò lọ́jọ́ náà. Ìrànlọ́wọ́ yẹn wúlò ju ìmọ̀ràn pé kí ẹ fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò béèrè, tí kò sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìdáná kan náà ni ẹ ti ń ṣe méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó amọ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé. Eruku amọ̀ gbígbẹ ní silica (èròjà kan tí ó wà nínú iyanrìn) nínú, ẹni tí ó bá sì ń fà á símú fún ọ̀pọ̀ ọdún lè kó àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kò ṣeé wò sàn. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, yóò kàn máa fò kiri ni; aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Abọ́ tí ẹ fi ń po amọ̀ kò sì gbọdọ̀ kan fúláwà láé. Ní ti àbíkẹ́yìn yín, ẹ bu amọ̀ tútù fún un kí ó jókòó tì yín. Ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ni ó kọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi abọ́ amọ̀ tí mo mọ fúnra mi yan búrẹ́dì?
Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é, bí iná bá ti jó abọ́ náà dénú tí kò sì sán níbì kankan. Ẹ má ṣe gbé abọ́ tútù wọ ààrò tí ó ti gbóná, nítorí yóò là. Ẹ gbé e wọ ààrò kí ẹ tó tanná, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbóná bọ̀. Bí ẹ bá ti fi ohun kan kùn ún kí ó lè máa dán, ẹ rí i dájú pé kò sí òjé nínú rẹ̀, nítorí òjé a máa yọ́ wọnú oúnjẹ. Ẹ fi bọ́tà pa inú rẹ̀ dáadáa kí búrẹ́dì má baà lẹ̀ mọ́ ọn.