Gáàsì kì í fò lọ sókè: ìdáhùn sí Màmá kan ní Iléṣà lórí ààrò ìyáná

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìjòkà ní Iléṣà ni ilé mi wà. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ń kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ bọ̀ wálé ní Kérésìmesì. Ó ní kí n ṣe ààrò ìyáná sí ẹ̀yìnkùlé, irú èyí tí wọ́n ń jókòó yí ká lálẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ó sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Bíríkìlà ti bá mi gbẹ́ kòtò tó jìn dé orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó ní gáàsì dára ju igi lọ torí kò ní èéfín, pé bó bá tilẹ̀ ń jò, òkè ló ń lọ, afẹ́fẹ́ á gbé e. Ó fẹ́ ri sìlíńdà mọ́ inú kòtò náà kí àwọn ọmọ má baà fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi ní oríṣi gáàsì kan tó ń jẹ́ propane ni kí n rà. Níbo ni wọ́n ti ń ta propane ní Iléṣà? Èwo ni kí n mú nínú igi àti gáàsì?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ilé, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó sọ̀rọ̀ igi tàbí gáàsì, ẹ ní kí bíríkìlà yẹn gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀ ná. Kòtò yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìbéèrè yìí pọ̀ lọ́dọ̀ mi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Látìgbà tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ti ń fi fídíò ránṣẹ́, kò sí ìgbà ọyẹ́ tí ẹnìkan kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ohun èlò gáàsì ní Lágere nílùú Ifẹ̀ pé òun náà fẹ́ iná tí wọ́n ń jókòó yí ká. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé á ti kọ́ wọn ní tirẹ̀: "Gáàsì ò léwu níta, òkè ló ń lọ." Gbólóhùn yẹn ti sú mi. N kò tíì rí ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ ọ́ tó lè sọ fún mi ẹni tó kọ́ ọ.

Gáàsì tí à ń wọ̀n ní kílò-kílò ní Iléṣà àti Ifẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ LPG sí ara ọkọ̀ tó ń gbé e, butane àti propane ló wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Bí ẹ bá fi afẹ́fẹ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì kan, tí ẹ wá fi propane kún inú èkejì tó bá a dọ́gba, ti propane á wúwo tó ti afẹ́fẹ́ lọ́nà 1.5. Butane á tó ìlọ́po 2. Ohun tó wúwo tó báyẹn, báwo ni yóò ṣe fò? Ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. Bí omi ìfọṣọ tí wọ́n dà sí àgbàlá ló ṣe ń rìn: á wá ibi tó rẹlẹ̀, á gba gọ́tà, á wọ sọ́kàwéè, á wọ kànga, á sì jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ìfọṣọ, ẹ ó rí i. Gáàsì, ẹ ò ní rí i.

Mo mọ ibi tí ìtàn "òkè ló ń lọ" ti ṣẹ̀ wá. Oríṣi gáàsì kan wà tó ń gòkè lóòótọ́. Methane ni, òun ni wọ́n ń fi páìpù gbé wọ ilé ìdáná lókè òkun, tí àwọn iléeṣẹ́ kan ní Èkó náà ń lò. Ìyẹn fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹnìkan gbọ́ ọ nípa ti páìpù, ó gbé e wálé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìlíńdà, ló bá di ohun tí gbogbo bíríkìlà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Lásìkò ọyẹ́ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ilé kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ lẹ́yìn tí iná ti kú tán. Ìyá ilé ra gáàsì 12.5kg, ẹni tó bá a gbé e wálé ló bá a fi régúlétọ̀ sí i, kò sì jókòó dáadáa. Ìyá gbọ́ òórùn. Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ṣe: ó ṣí fèrèsé, ó dúró díẹ̀, nígbà tí imú rẹ̀ kò gbọ́ ọ mọ́ níbi tó dúró sí, ó ní ó ti lọ. Ó ti lọ lóòótọ́ o. Ó ti sọ àtẹ̀gùn méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn kalẹ̀, ó ti dé ibi tí ọmọ kan ti ń sun iṣu lórí èédú. Iná gbá a níbẹ̀, ó sì tọ ọ̀nà tí gáàsì gbà wá padà wọ inú ilé. Nígbà tí mo wọ ilé ìdáná yẹn, ọ̀dà ara kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ti wú róbótó-róbótó bí àkàrà inú epo, ṣùgbọ́n kọ́tìnì ojú fèrèsé ń bẹ bó ṣe wà, kò tilẹ̀ dúdú. Ìyá náà, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ojúgun ló jó. Ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ ti lọ. Irun orí rẹ̀, òwú tí wọ́n fi dì í ṣì ń dán. Bó bá jẹ́ òkè ni gáàsì ń lọ, ṣé ẹsẹ̀ ni iná máa mú?

Ẹ wá padà sí kòtò yín. Àwo ni kòtò tó jìn dé orúnkún jẹ́ fún gáàsì. Ẹ gbé sìlíńdà sínú rẹ̀, kí rọ́bà rẹ̀ ní ojú ihò kékeré kan, gáàsì á máa kún inú àwo yẹn díẹ̀díẹ̀, ibi tí iná wà náà nìyẹn. Bí rọ́bà kò bá tilẹ̀ jò, ẹ mọ atẹ́gùn ọyẹ́: ó lè fẹ́ iná náà pa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti ẹnu gáàsì. Á máa tú jáde. Ọmọ kan á wá ṣáná láti tún un tàn. Kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni n ò tilẹ̀ fẹ́ rò rárá, torí gáàsì tó bá wọ ibẹ̀ á lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹni tó bá wọ kànga láti gbẹ́ ẹ tàbí láti yọ korobá lè dákú kó tó pariwo. Pé kí àwọn ọmọ má rí sìlíńdà, ẹ̀mí ìtọ́jú ló fi sọ ọ́, mi ò bú u. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bíríkìlà yín ni igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú.

Òórùn tí ẹ ń gbọ́ nínú gáàsì, kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀. Wọ́n ń bu kẹ́míkà kan sí i ni kí èèyàn lè mọ̀ pé ó ń jò. Nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má ṣe dúró bi ara yín léèrè. Ẹ ti ẹnu sìlíńdà bí ọwọ́ bá tó o. Ẹ má tan iná mànàmáná, èyí tó wà ní títàn náà, ẹ má pa á, torí iná kékeré tó ń ta nínú súìṣì tó láti mú gáàsì gbiná. Ilẹ̀kùn ni kí ẹ ṣí gbayawu, fèrèsé nìkan kò tó, ilẹ̀ ló sùn sí. Kí gbogbo ilé jáde, ẹ wá pe panápaná tàbí 112 láti òkèèrè.

Ní ti propane tí ọmọ yín ní kí ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Òtútù ibi tí wọ́n wà ló mú kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀. Bí butane bá tutù tó bí yìnyín, kì í di atẹ́gùn mọ́, á kàn máa ṣe bí omi nínú sìlíńdà, iná ò sì ní jáde. Propane kò bìkítà, àyàfi bí òtútù bá kọjá ìwọ̀n 42 sísàlẹ̀ òdo. Ọyẹ́ Iléṣà, bó ti wù kó mú tó, kò dé ibẹ̀. Gáàsì ìdáná tí ẹ ń rà ti tó.

Àmọ́ bí ó bá ń gbèrò láti gbé ààrò onígáàsì bọ̀ láti ibẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún un kó wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Èyí tí wọ́n ṣe fún gáàsì páìpù, ojú ihò rẹ̀ tóbi. Bí ẹ bá fi gáàsì sìlíńdà sí i, iná á ga ju bó ṣe yẹ lọ, èéfín dúdú á máa jáde. Ẹnu rọ́bà wọn náà kì í sábà bá ẹnu sìlíńdà wa mu, ẹ sì má gbà kí ẹnikẹ́ni fi téèpù àti agbára lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ààrò wọ̀nyí ń jẹ nǹkan bí 50,000 BTU ní wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kí BTU dà yín láàmú, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára iná ni. Lọ́rọ̀ ọjà, ó lé díẹ̀ ní kílò 1 gáàsì ní wákàtí kan. Ẹ jókòó láti aago 7 alẹ́ sí aago 11, ó lé ní kílò 4 tó ti lọ, ẹ ò sì tíì se nǹkan kan. Sìlíńdà 12.5kg tó ń gbé yín fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní pé wákàtí 12. Ẹ̀yin lẹ mọ iye tí ẹ ń ra kílò kan.

Tèmi ni pé kí ẹ lo igi. Mo ń ta ohun èlò gáàsì, ẹ rí i pé mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí polówó. Fún alẹ́ mélòó kan lọ́dún, kí àwọn ọmọ sun iṣu, kí wọ́n gbọ́ àlọ́, ẹ̀yìnkùlé Iléṣà kò nílò ju igi lọ. Kòtò yẹn kò dára fún igi náà o. Ó jìn jù, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọ ìdí iná, èéfín ni wọ́n máa fi sunkún. Ẹ dí i. Ẹ ṣe òmíràn tí kò jìn ju ìka ọwọ́ kan lọ, tàbí kí ẹ mọ ọ́n sórí ilẹ̀ gan-an, níbi tó fi ẹsẹ̀ bàtà 25 jìnnà sí ilé, sí òrùlé èyíkéyìí, sí sọ́kàwéè àti sí ewé gbígbẹ. Amọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń mọ ààrò ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bíríkì pupa náà dára. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì á sán. Ẹ má sì lo òkúta róbótó tí wọ́n ṣà lódò, bó ti wù kó lẹ́wà tó: omi tó wà nínú rẹ̀ á di ooru, òkúta á bẹ́, èérún rẹ̀ á fò bí ìbọn.

Ẹ ti ra igi náà báyìí, kó máa gbẹ lábẹ́ páànù kí Kérésìmesì tó dé. Bí ẹ bá rí igi àyìn rà, ẹ ti rí tó dára. Láti mọ èyí tó gbẹ, ẹ mú méjì, ẹ fi gbá ara wọn: gbígbẹ á dún kán-kán, tútù á dún gbì. Ojú ibi tí wọ́n gé á sì ti sán. Pákó ilé tí wọ́n fi oògùn ikán kùn, pátákó tó ní ọ̀dà, pílááwùùdù, kò gbọdọ̀ débẹ̀, májèlé ni èéfín wọn. Kò gbọdọ̀ sí pẹtiróòlù níbẹ̀ pẹ̀lú, pé ẹ fẹ́ tètè dá iná.

Kí wọ́n tó wọlé sùn, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ tún da omi sí i, títí tí ẹ ó fi lè gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn tí kò gbóná. Ẹ má fi eérú bò ó lásán. Ẹ̀yinná tó wà lábẹ́ eérú ń gbóná di ọjọ́ kejì, ọmọ Kánádà tí kò mọ ààrò rí á bọ́ bàtà, á gun orí eérú funfun yẹn bí ẹni gun iyanrìn.

Nǹkan kan ló lè mú kí n yí ohùn padà: bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá ní asímà, tí èémí máa ń há mọ́ ọn láyà. Èéfín igi kò dára fún un. Nígbà náà, gáàsì, ṣùgbọ́n lórí tábìlì irin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí gáàsì tó bá jò lè tú ká, ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ó kéré tán sí ilé, kó sì jìnnà sí kànga. Sìlíńdà kò gbọdọ̀ sùn, ìdúró ni, torí bó bá sùn, gáàsì tó ṣì jẹ́ omi ló máa jáde. Kí ẹnìkan jókòó tì í ní gbogbo ìgbà tó bá ń jó. Ẹni tó bá wá so ó fún yín, ọṣẹ àti omi ni kó fi yẹ gbogbo oríkèé rẹ̀ wò, bó bá ń yọ ìfófò, ó ń jò. Bí ẹ bá rí i tó mú ìṣáná dání láti fi yẹ ìjò wò, ẹ lé e jáde kúrò ní ọgbà yín, kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá mi ni.

Mi ò tíì rí ilẹ̀ yín o, Màmá, mi ò sì mọ ibi tí òrùlé aládùúgbò yín dé. Ohun tí mo kọ yìí kò dípò ẹni tó máa wá fi ojú rí i kí ẹ tó ná owó. Ẹ bi ọmọ yín lónìí nípa ọ̀rọ̀ asímà yẹn, kí ẹ sì san owó ọjọ́ kan sí i fún bíríkìlà, kó fi dí kòtò.