Ẹ̀rín lójú, ìbínú nínú: èsì sí ìbéèrè yín

Arábìnrin mi, ẹ béèrè bóyá ìbínú tí ẹ ń gbé mì níwájú àwọn oníbàárà ní báńkì ló ń jẹ́ kó rẹ̀ yín débi pé ẹ kì í lè bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ tí ẹ bá délé. Mo gbà pé ó wà lára rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò nídìí káńtà ní Dùgbẹ̀. Oníbàárà á pariwo mọ́ mi nítorí nẹ́tíwọ̀kì, màá rẹ́rìn-ín, màá ní "ẹ má bínú, sà." Tí mo bá fi máa wọ mótò lọ sí Mókọ́lá nírọ̀lẹ́, ọkàn ló ń ro mí, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Kéèyàn máa fi ẹ̀rín bojú nígbà tí inú ń hó ló ń tán èèyàn lókun jù, torí pé ẹ ń ṣọ́ ojú àti ohùn yín láti àárọ̀ dalẹ́. Ó máa ń fúyẹ́ díẹ̀ tí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ náà rò kí inú tó ru: bóyá owó ilé ìwòsàn ni bàbá yẹn ń wá. (Ìyẹn ò ní kí ẹ gba èébú o!)

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú àárẹ̀ yìí: okun á tán, iṣẹ́ á sú èèyàn, á sì máa rí i pé òun ò ṣe dáadáa mọ́. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ló ń fà á. Nítorí náà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi.

Ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́. Èmi àti ẹnìkejì mi máa ń gba káńtà fún ara wa lẹ́yìn oníbàárà tó bá le, kí ẹni náà lọ mu omi, kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.