Ṣé mo lè tan ELT (ẹ̀rọ tó ń fi àmì pàjáwìrì ránṣẹ́ tí ọkọ̀ bá já) inú ọkọ̀ òfuurufú kékeré láti dán an wò?

Ẹ lè dán an wò, àmọ́ irú èyí tí ẹ ní ló máa sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ nínú wákàtí ni wọ́n fàyè gbà fún èyí tó ń lo ìgbì rédíò 121.5 MHz, kí igbe rẹ̀ má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ti 406 MHz kò rí bẹ́ẹ̀: bọ́tìnnì ìdánwò ara rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í sí ON. Sátẹ́láìtì á gbọ́ ọ, àwọn adóòlà ẹ̀mí á sì gbéra lórí asán. ARM, ìyẹn ipò ìmúrasílẹ̀ tó fi máa tan fúnra rẹ̀ tí ọkọ̀ bá já, ló yẹ kó wà tí ẹ bá ń fò.

Ohun tí mi ò fi ṣeré rárá ni pé tí mo bá balẹ̀, kí n tó pa ẹ́ńjìnnì, mo máa ń yí rédíò sí 121.5 láti tẹ́tí. Tí mo bá gbọ́ igbe bíi fèrè tó ń já wálẹ̀ léraléra, bóyá bí mo ṣe balẹ̀ gbàgà ló tan tèmi nìyẹn.